ÌTÀN ÌGBÉSÍ AYÉ ISHAQ AL-MAWSILI, Ọ̀GÁ ONÍMỌ̀ OHÙN NÍ BÀGÍDÁDÌ

Bismillahir Rahmanir Rahim. Gbogbo ọpẹ́ ń bẹ fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá ohùn, tí ó sì dá etí tí a fi ń gbọ́ ọ. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.



Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéwú mi bi mí ní ìbéèrè kan lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó ti gbọ́ kíké Shaykh Abdul Basit Abdus-Samad ti ilẹ̀ Íjíbítì nínú kásẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀. Ó ní òun kíyè sí i pé bí álúfáà náà bá ti ń ka Alùkùránì lọ, ohùn rẹ̀ a dà bí ti ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Kò ní pẹ́, ohùn kan náà a yí padà bí ti ẹni tí ó ń sunkún. Ó fẹ́ mọ ibi tí ó ti yí. Mo sọ fún un pé màkáámù ni àwọn Lárúbáwá ń pe ọ̀nà ohùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti í mọ ibi tí màkáámù kan parí sí tí òmíràn sì bẹ̀rẹ̀, èyí gba àlàyé ju ohun tí a lè sọ ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí lọ. Àlàyé náà ni ó mú mi dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí ó ti kú láti ọdún 850 ní Bàgídádì, olú ìlú Ìráàkì. Ishaq ni orúkọ rẹ̀, orúkọ tí àwa Yorùbá ń pè ní Ìsíákà.

Olórin ni Ishaq, úùdù ni ó sì ń ta. Kí èyí má ṣe ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú ìwé ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn. Ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò lórí ohun èlò orin, èmi kò sì jókòó láti dá ẹjọ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ kí á rí ni bí ọkùnrin yìí ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, bí etí rẹ̀ ṣe mú tó, àti ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ tí owó ọba kò lè fún un.

ORÚKỌ TÍ KÌ Í ṢE TI ÌLÚ BÀBÁ RẸ̀

Ní ọdún 150 lẹ́yìn Hijira, èyí tí í ṣe ọdún 767, ni a bí Ishaq. Ìlú Rayy ní ilẹ̀ Páṣíà ni wọ́n bí i sí, nítòsí ibi tí ìlú Tehran wà lónìí. Ibrahim ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ọmọ ìdílé Páṣíà ni Ibrahim, ìlú Kufa ní Ìráàkì ni wọ́n sì ti bí i ní ọdún 742. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó fẹ́ràn orin, àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ kò sì fẹ́ ẹ. Ó sá kúrò nílé, ó forí lé ìlú Mosul, ó gbé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó padà sí Kufa, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí i káàbọ̀, wọ́n sì ń pè é ní ọmọ Mosul. Báyìí ni orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára títí ó fi kú ní ọdún 804, tí ọmọ rẹ̀ náà sì jogún rẹ̀. Al-Mawsili túmọ̀ sí ará Mosul, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹnìkan nínú bàbá àti ọmọ tí wọ́n bí ní Mosul.

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ọmọ tí a bí ní Jenta Adamu, ará Ọ̀fà tàbí ará Ìlọrin ni wọ́n ń pè é níbí. Bí ó bá bá bàbá rẹ̀ lọ sí ilé fún ọdún Iléyá, wọ́n á ní ará Jọ́ọ̀sì dé. Ibrahim àti ọmọ rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí orúkọ. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ó sọ orúkọ náà di ńlá. Bàgídádì, tí kálífà al-Mansur bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 762, ṣì jẹ́ ìlú tuntun nígbà náà, àlejò ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ará ibẹ̀. Níbẹ̀ ni Ibrahim ti di olórí àwọn olórin ní ààfin Harun al-Rashid, ẹni tí ó jẹ kálífà láti ọdún 786 sí 809.

KÉWÚ ṢÁÁJÚ ÚÙDÙ

Ilé ọlá ni Ishaq ti dàgbà, ṣùgbọ́n kò fi ọlá bàbá rẹ̀ sùn. Bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe máa ń lọ nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ wà nínú ìtàn, ó sì yẹ kí gbogbo òbí gbọ́ ọ. Kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa, ó ti wà lọ́dọ̀ Hushaym ibn Bashir, ó ń gba hádíìsì. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, a lọ sọ́dọ̀ al-Kisa'i tàbí al-Farra', a ka ìpín kan nínú Alùkùránì. Al-Kisa'i yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méje tí gbogbo ayé gba ọ̀nà kíké wọn. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó lọ sọ́dọ̀ Mansur Zalzal, ọ̀gá nínú títa úùdù, tí ó jẹ́ ará ilé ìyàwó bàbá rẹ̀. Láti ibẹ̀, a lọ bá Atika ọmọ Shuhda, obìnrin tí ó mọ àwọn orin àtijọ́, a kọ́ orin kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà, ó di ọ̀dọ̀ al-Asma'i àti Abu Ubayda, àwọn àgbà nínú èdè Lárúbáwá àti ìtàn. Nígbà náà ni yóò padà sílé, a sọ gbogbo ohun tí ó kọ́ fún bàbá rẹ̀, a sì bá a jẹun ọ̀sán. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, a lọ sí ààfin.

Ẹ wo bí ó ṣe tò ó. Hádíìsì ni àkọ́kọ́, Alùkùránì ni ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni úùdù. Kò sì sí ìgbà kan tí ó gbọ́n débi pé kò jókòó níwájú olùkọ́ mọ́. Nígbà tí ó di olówó, ọdọọdún ni ó ń fún Ibn al-A'rabi, onímọ̀ èdè, ní owó. Àwọn onímọ̀ tí ó wọ ilé rẹ̀ ròyìn pé àwọn ni wọn kò rí ilé tí àkọsílẹ̀ ìmọ̀ èdè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

ÌKA ÀÁRÍN ÀTI ÌKA ÒRÙKA

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé úùdù fún ẹni tí kò rí i rí. Kì í ṣe gòjé, nítorí a kì í fi ọrun fà á. Ó jọ mólò tí a ń rí lọ́wọ́ àwọn Hausa, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ tóbi, pákó ni gbogbo ara rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì kúrú. Nígbà ayé Ishaq, okùn mẹ́rin ni ó ní. Bamm ni èyí tí ó nípọn jù, lẹ́yìn rẹ̀ mathlath, lẹ́yìn rẹ̀ mathna, zir sì ni èyí tí ó tínrín jù. Ọwọ́ ọ̀tún ń ta á, ọwọ́ òsì ń tẹ okùn mọ́ ọrùn rẹ̀. Ìka mẹ́rin ni ó ń tẹ̀ ẹ́: ìka ìlábẹ̀, ìka àárín, ìka òrùka àti ọmọńdinrín. Ibi tí ìka kọ̀ọ̀kan bá tẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde.

Àwọn olórin ti ń kọrin kí Ishaq tó dé, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni wọ́n ń pe àwọn ọ̀nà ohùn, àríyànjiyàn sì pọ̀. Ishaq ni ó tò wọ́n. Ó rí i pé orin kan kì í fi ìka àárín àti ìka òrùka ṣe iṣẹ́ kan náà pọ̀. Èyí tí ó bá gba ìka àárín wà ní ọ̀nà tirẹ̀, èyí tí ó bá gba ìka òrùka náà wà ní ọ̀nà tirẹ̀. Majra ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà, ìyẹn ojú ibi tí omi ń ṣàn gbà. Majra méjì ni ó wà, ọ̀nà mẹ́rin mẹ́rin sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ. Wọ́n ní kò ka ìwé àwọn ará Gíríìkì kó tó ṣe é. Etí rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi wá a rí.

Ẹ̀yin ará, ibí yìí ni ìdáhùn ìbéèrè ọmọ kéwú mi ti bẹ̀rẹ̀. Bí ohùn bá ń lọ ní ọ̀nà ìka àárín, tí ó sì bọ́ sí ti ìka òrùka, omi ti kúrò ní ojú odò rẹ̀ nìyẹn. Olùkọ́ Ishaq, Mansur Zalzal, sì ti rí ibì kan láàárín ìka méjèèjì wọ̀nyí, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ní ìka àárín Zalzal. Ohùn ibẹ̀ kò ga tó ti ìka òrùka, kò sì lọ sílẹ̀ tó ti ìka àárín. Irú ohùn àárín yìí ni ó mú kí orin Lárúbáwá yàtọ̀ létí ẹni tí ó mọ dùùrù òyìnbó nìkan.

Àwọn orúkọ tí a ń lò lónìí kọ́ ni wọ́n ń lò nígbà náà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò yí padà. Mú màkáámù mẹ́ta tí a fìdí wọn lé ohùn kan náà: Nahawand, Rast àti Ajam. Ohùn àkọ́kọ́, ìkejì, ìkẹrin àti ìkarùn-ún wọn dọ́gba. Ìkẹta nìkan ni ó yàtọ̀. Ní Nahawand ó lọ sílẹ̀, ní Ajam ó ga, ní Rast ó wà ní àárín méjèèjì. Bí ẹni tí ń ta úùdù bá wà nínú Rast, tí ó sì fa ohùn kẹta sílẹ̀ díẹ̀, ó ti wọ Nahawand. Ohùn kan péré ni ó yí, ọkàn ẹni tí ń gbọ́ sì ti yí pẹ̀lú.

Kò yẹ kí èyí nira fún ọmọ Yorùbá. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, ìparí wọn nìkan ni ohùn ti yàtọ̀, síbẹ̀ kò sí ọmọ ọdún mẹ́rin nínú ilé wa tí yóò gbé ọkọ́ wá nígbà tí a bá ní kí ó wo ọkọ̀. Etí wa ti mọ iṣẹ́ náà. Ohun mẹ́rin ni kí a máa ṣọ́. Èkíní, ibo ni ohùn ń padà sí láti sinmi? Ìdí màkáámù nìyẹn. Èkejì, báwo ni ohùn kẹta ṣe ga tó láti ìdí náà? Ẹ̀kẹta, ohùn wo ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ga tàbí lọ sílẹ̀, tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀? Bí ó bá kàn yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí ó padà, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Bí ó bá dúró, ọ̀nà ti yí. Ẹ̀kẹrin, ṣé ìdí àkọ́kọ́ ni ó tún padà sí? Àwọn àgbà oníkéwú Íjíbítì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bayati, wọ́n á rìn yíká, wọ́n á sì padà sí Bayati kí wọ́n tó dákẹ́. Hijaz, tí ọ̀pọ̀ ládàánì fi ń pe ìrun, ẹ ó mọ̀ ọ́n nítorí àlàfo láàárín ohùn kejì àti ìkẹta rẹ̀ gbòòrò ju ti àwọn yòókù lọ.

OKÙN KAN NÍNÚ ỌGỌ́RIN

Ẹnìkan wà tí kò gba ti Ishaq. Ibrahim ọmọ al-Mahdi ni, àbúrò kálífà Harun al-Rashid. Ohùn rẹ̀ dùn púpọ̀, ọmọ ọba sì ni. Ní ọdún 817 àwọn ará Bàgídádì fi í jẹ kálífà, oyè náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 819. Èrò rẹ̀ ni pé òun lè yí orin àtijọ́ padà bí ó bá ti wu òun, kí òun fi kún un, kí òun sì yọ kúrò. Ishaq kò gbà. Ó ní bí a ti gba orin lẹ́nu àwọn àgbà ni kí a ṣe fi lé ọmọ lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ọjọ́ kan, níwájú kálífà al-Ma'mun, ogún obìnrin jókòó pẹ̀lú úùdù, mẹ́wàá lápá ọ̀tún, mẹ́wàá lápá òsì. Gbogbo wọn ń ta á pọ̀. Ishaq wọlé, ó tẹ́tí, ó ní àṣìṣe wà níbẹ̀. Kálífà bi Ibrahim, Ibrahim ní òun kò gbọ́ àṣìṣe kankan. Ishaq ní apá òsì ni ó wà. Wọ́n dá apá ọ̀tún dúró, Ibrahim kò tún gbọ́ nǹkan. Ishaq wá ní kí gbogbo wọn dákẹ́, kí obìnrin kẹjọ nìkan ta tirẹ̀. Nígbà náà ni Ibrahim gbọ́ ọ, ó sì jẹ́wọ́. Okùn kan ni kò dọ́gba, nínú okùn ọgọ́rin. Kálífà sọ fún Ibrahim pé kí ó má bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jiyàn mọ́.

Kì í ṣe àlùjànnú ni ó ń bá Ishaq gbọ́ ọ. Ẹni tí ó mọ ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan yẹ kí ó wà ni yóò mọ̀ nígbà tí ó bá yẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ní ohùn Ishaq fúnra rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ó dùn jù ní ìgbà ayé rẹ̀. Láti òkè ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ orin kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, débi pé wọ́n fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé orin rẹ̀ dà bí ti ẹni tí àkeekèé ta. Ìmọ̀ ni ó fi borí àwọn tí ohùn wọn dùn ju tirẹ̀ lọ.

OHUN TÍ Ó TỌRỌ LỌ́WỌ́ ỌBA

Síbẹ̀, inú Ishaq kò dùn sí orúkọ olórin tí wọ́n ń pè é. Ó mọ fíkì, ó mọ hádíìsì, ó mọ èdè, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀, úùdù ni gbogbo ènìyàn ń rántí. Ó bẹ al-Ma'mun, ẹni tí ó jẹ kálífà láti 813 sí 833, pé kí òun máa bá àwọn onímọ̀ wọlé sí ààfin, kí òun má bá àwọn olórin wọlé mọ́. Kálífà gbà fún un. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tún bẹ̀ ẹ́ pé kí òun máa bá àwọn onímọ̀ fíkì wọlé. Kálífà tún gbà. Ó wá tọrọ ẹ̀kẹta: kí òun máa wọ aṣọ dúdú tí àwọn onípò ìjọba ń wọ̀, kí òun sì máa kírun Jímọ̀ pẹ̀lú kálífà nínú àyè tí wọ́n dá ká fún un ní mọ́sálásí. Kálífà rẹ́rìn-ín, ó ní èyí ti pọ̀ jù, ó sì fún un ní 100,000 dirham dípò rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Owó tabua ni wọ́n kó fún un, ṣùgbọ́n ohun tí ó tọrọ kọ́ nìyẹn. Wọ́n ní al-Ma'mun fúnra rẹ̀ sọ pé bí kò bá jẹ́ pé orúkọ Ishaq ti bọ́ sí orin, òun ì bá fi í ṣe alùkálì, nítorí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ohun tí ó gbé e dé ààfin náà ni ó dí i lọ́nà ibi tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Kí á máa rántí èyí nígbà tí a bá ń yan iṣẹ́ fún àwọn ọmọ wa. Kí àwa náà sì ṣọ́ra, kí á má máa fi orúkọ kan ṣoṣo bo gbogbo ìmọ̀ tí ń bẹ nínú ènìyàn mọ́lẹ̀.

ÌGBẸ̀YÌN RẸ̀

Kálífà al-Wathiq, tí ó jẹ láti 842 sí 847, fẹ́ràn Ishaq gidigidi. Òun ni ó ní kí Ishaq tún ọgọ́rùn-ún orin yẹ̀ wò, èyí tí bàbá Ishaq àti àwọn méjì mìíràn ti ṣà jọ fún Harun al-Rashid. Ọdún méjì kí ó tó kú ni ojú Ishaq fọ́. Nínú oṣù Ramadan ọdún 235 Hijira, èyí tí í ṣe 850, àìsàn inú pa á ní ìgbà al-Mutawakkil.

Ìwé tí Ishaq kọ pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò dé ọwọ́ wa. Àwọn tí ó kọ́ni ni ó gbà á là. Ọmọ rẹ̀ Hammad sọ ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Yahya ibn al-Munajjim, tí ó kú ní 912, ṣàlàyé ọ̀nà mẹ́jọ náà sínú ìwé kékeré kan tí ó ṣì wà títí dòní. Abu'l-Faraj al-Isfahani, tí ó kú ní 967, kọ ìwé ńlá nípa àwọn orin, ètò Ishaq ni ó sì fi ń sọ ọ̀nà tí orin kọ̀ọ̀kan gbà. Wọ́n tún ròyìn pé Ziryab, tí ó dé Qurtuba ní Andalus ní ọdún 822, ọmọ ẹ̀kọ́ Ishaq ni. Báyìí ni ìmọ̀ Bàgídádì ṣe dé ìwọ̀ oòrùn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò ju mẹ́ta lọ. Kí àwọn ọmọ wa kọ́kọ́ mọ tàjúwíìdì, kí wọ́n tó máa sín ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì jẹ. Màkáámù tí ó bá ba mádà jẹ́, tàbí tí ó gbé lẹ́tà kúrò ní àyè rẹ̀, kò wúlò fún wa, bí ó ti wù kí ó dùn tó. Kí á kọ́ wọn láti tẹ́tí, nítorí ẹni tí kò gbọ́ àṣìṣe kò lè tún un ṣe. Àti pé bí ilẹ̀ tí a wà bá ń fi orúkọ ibòmíràn pè wá, kí á ṣiṣẹ́ débi tí orúkọ náà yóò fi di ohun tí àwọn ọmọ wa lè máa fi yangàn.

Ọmọ tí ó bi mí ní ìbéèrè yẹn ti ń fi ìka rẹ̀ kan tábìlì báyìí nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì bá ń lọ, ẹ̀ẹ̀kan ní ibi kọ̀ọ̀kan tí ohùn bá ti yí. Ó ń ṣì í nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́.

Kí Ọlọ́hun Ọba forí jin Ishaq, kí Ó forí jin àwọn olùkọ́ wa àti àwọn òbí wa. Kí Ó fi àlàáfíà sí Jenta Adamu àti gbogbo Jọ́ọ̀sì. Kí Ó jẹ́ kí kéwú má parẹ́ nínú ilé wa. Àmín. Ma'a salam.